Àáké Tí Mi Ò Fi Ṣe Àga

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lárugẹ, mo ń ṣe dáadáa. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́yìn ilé epo kan ní Igbó Ẹfọ̀n, lábẹ́ páànù tí èmi fúnra mi kàn. Àga ni mò ń ṣe níbẹ̀: àga ìjẹun, àga pálọ̀, àga tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì kó sì sùn lọ nígbà tí wọ́n bá ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní ẹ̀rọ tó ń la igi, mo ní èyí tó ń fá a, mo sì ní jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo ju àwọn méjèèjì lọ. Àwọn olówó tó ń gbé Èkó ni oníbàárà mi: wọ́n ń ti VGC wá, wọ́n ń ti Lẹ́kkí Phase 1 wá. Wọ́n á fọwọ́ pa apá àga, wọ́n á jókòó, wọ́n á dìde, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Àwọn mìíràn máa ń padà wá lóòótọ́.

Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi kì í fojúure wo ìdọ̀tí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi láàárọ̀, wọ́n á ti lọ ẹ̀wù iṣẹ́ wọn, wọ́n á sì ti de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wa ò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù títí a ó fi gbá gbogbo lẹ́búlẹ́bú igi kúrò nílẹ̀. Ọ̀gá ní kò sí ohun tí lẹ́búlẹ́bú igi ń ṣe nílẹ̀ ju pé ó ń dúró de iná lọ. Mo gba ìwà yẹn lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú iṣẹ́. Ẹ̀wù tó ti rí áyọ́ọ̀nù, pẹ́ńsùlù nínú àpò àyà, bàtà tó bo ìka ẹsẹ̀: bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, mò ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ajah. Àwa méjèèjì ti fẹnu kò. Ohun tó kù ni bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé ní Ẹ̀pẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Bàbá ò sọ pé àwọn ò fẹ́ káfíńtà. Wọ́n kàn sọ pé kí àwọn ará ilé mi tó wá tọrọ ọmọ àwọn, àwọn á kọ́kọ́ wá wo ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kí àwọn fojú ara àwọn rí irú èèyàn tí mo jẹ́. Ọmọ wọn ní kí n má fojú kékeré wo ìbẹ̀wò yẹn.

"Bàbá mi kì í wo nǹkan lẹ́ẹ̀mejì," ó ní. "Ohun tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ yẹn, òun náà ni wọ́n máa rí títí ayé."

Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin náà ju bí mo ṣe lè máa sọ kiri lọ, mi ò sì mọ ohun tí mo máa ṣe bí bàbá rẹ̀ bá kọ̀ mí. Mo ra ọ̀dà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kun ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ibi tí mo ti ń kùn ún lọ́wọ́ ni àwọn tó fẹ́ gbé mi lárugẹ bá mi.

Arábìnrin kan ló ṣáájú wọn. Ó ti ra àga lọ́wọ́ mi rí. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lẹ́kkí Phase 1 ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà sì ni láti ti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ ṣe ìpàtẹ kan tí amọ̀kòkò, aláró, ahunṣọ, ẹni tó ń fi awọ rán báàgì àti èmi máa kó iṣẹ́ wa wá. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ náà, wọ́n á ya fọ́tò wa, wọ́n á gbé e sójú títì kí gbogbo ayé lè mọ̀ wá. Inú mi dùn. Mi ò ní purọ́, inú mi dùn gan-an. Mo ronú pé bí Bàbá bá ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n á rí mi lójú ọ̀nà, tí mo dúró láàárín àwọn ẹ̀rọ mi bí èèyàn gidi.

Lọ́jọ́ fọ́tò, mo wọ ẹ̀wù tuntun. Arábìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀, ayafọ́tò wò mí, àwọn méjèèjì wá wo ara wọn.

"Ọ̀gá, ẹ fine o," arábìnrin náà ní. "But ẹ jọ òṣìṣẹ́ báǹkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bọ́ shirt yẹn."

"Kí n wá wọ èwo?"

"Ẹ má wọ nǹkan kan, sir. A fẹ́ kó raw."

Àwọn tó dúró níwájú mi yìí ló ń ra àga, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa dá wọn lóhùn pé kò burú. Mo bọ́ ẹ̀wù. Wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, mo bọ́ bàtà. Wọ́n ní kí n bọ́ aago ọwọ́, mo bọ́ ọ. Wọ́n fi tapólì bo àwọn ẹ̀rọ mi, wọ́n ní ẹ̀rọ ń ba fọ́tò jẹ́. Wọ́n wá lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n máa dà sílẹ̀, wọn ò rí, nítorí pé mo ti gbálẹ̀. Gbogbo èyí tí mo gbá ti wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń sin adìẹ lẹ́yìn wa, ó sì ti tẹ́ ẹ fún àwọn adìẹ rẹ̀. Wọ́n lọ kó o padà lọ́dọ̀ àwọn adìẹ. Wọ́n fi àdín àgbọn pa mí láyà, wọ́n da lẹ́búlẹ́bú igi náà lé e, pẹ̀lú ohun tí àwọn adìẹ ti fi kún un. Ayafọ́tò ní ó gbé àwọ̀ ara mi yọ.

Ó wá ku ohun tí mo máa mú lọ́wọ́. Mo gbé ayùn wá, mo mú téèpù tí mo fi ń wọn igi wá, wọn ò fẹ́ ọ̀kankan. Arábìnrin náà rí àáké kan lọ́dọ̀ obìnrin tó ń yan ẹja ní òdìkejì títì, ó lọ yá a. Mo ṣàlàyé fún un pé igi ìdáná ni wọ́n ń fi àáké yẹn là, pé káfíńtà tó bá fi àáké ṣe àga, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀ máa jókòó sí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo mọ àwàdà ṣe. Èmi ni wọ́n wá ní kí n má rẹ́rìn-ín o. Wọ́n ní kí n gbé àáké dání, kí n tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ń ronú nípa àwọn baba ńlá rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò ni mò ń wò.

Wọ́n gbé pátákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀, ó kọjú sí àwọn tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́. Ó tóbi ju yàrá tí mò ń gbé lọ. Ìhòòhò àyà mi ń dán nínú oòrùn, àáké obìnrin tó ń yan ẹja wà léjìká mi, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ ni iyì wa. Wọn ò kọ orúkọ mi. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò ràn mí lọ́wọ́. Mẹkáníìkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rọra pè mí sí kọ̀rọ̀, ó béèrè bóyá mo ti jẹun. Màámi pè mí láti Ìbàdàn pẹ̀lú ẹkún, nítorí pé ẹnìkan ti fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn lórí fóònù.

"Ṣé ìyà ń jẹ ẹ́ tó báyìí, tí o ò lè sọ fún mi?"

Mo ní kì í ṣe ìyà, pé wọ́n ń gbé mi lárugẹ ni. Màámi ní kí n sọ fún wọn kí wọ́n gbé mi sílẹ̀.

Oníbàárà kan wọlé lọ́sẹ̀ yẹn, ó bá mi nínú ẹ̀wù mi, ó ní òun ń wá káfíńtà tó wà lójú títì. Mo ní ó ti lọ jẹun. Ó ní kò burú, òun á dúró dè é. Ó jókòó lórí àga mi fún ìgbà pípẹ́, ó sì sọ fún mi pé àga náà tu òun lára.

Mo pe arábìnrin náà lórí fóònù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé pátákó náà sọ̀ kalẹ̀ kí Sátidé tó dé, pé ọjọ́ náà ni àna mi ń bọ̀. "Ọ̀gá, àwọn èèyàn love it!" ó ní. "Ẹ̀yin gan-an ni face gbogbo nǹkan tí à ń ṣe." Ó ní ó dìgbà tí ìpàtẹ bá parí.

Ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ ní kí n fi ọkàn balẹ̀, pé òun á lọ bá Bàbá ní Ẹ̀pẹ́ kí àwọn jọ máa bọ̀. Tí wọ́n bá ti ń súnmọ́ pátákó náà, òun á dá ọ̀rọ̀ òṣèlú sílẹ̀, torí kò sí ohun tí Bàbá fẹ́ràn tó o. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn débi pé awakọ̀ rọra dẹ eré kó lè gbọ́ ọ dáadáa, iwájú pátákó náà gan-an ló sì ti dẹ eré.

Bàbá dé ṣọ́ọ̀bù, mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n wo àwọn ẹ̀rọ, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n fi ìka tẹ apá àga wò. Wọ́n jókòó.

"Ọkùnrin tó wà lójú ọ̀nà yẹn," wọ́n ní, "ta ni?"

"Ó kàn jọ ọ́ ni o, Bàbá," ọmọ wọn sáré dáhùn.

"Èmi ni, sà," mo ní.

"Ṣé o ò láṣọ ni?"

"Mo láṣọ, sà. Àwọn ni wọ́n ní kí n bọ́ ọ."

"Àáké ńkọ́? Ṣé àáké lo fi ń ṣe èyí tí mo jókòó lé yìí?"

"Rárá, sà. Wọ́n yá a lọ́dọ̀ obìnrin tó ń yan ẹja."

Bàbá ò pariwo. Ó sàn kí wọ́n pariwo.

"Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ sí iṣẹ́ rẹ," wọ́n ní. "Mo rí i, iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó lówó jù ọ́ lọ ní kí o bọ́ra sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ, o sì bọ́ra. Lọ́jọ́ tí irú wọn bá ní kí ọmọ mi ṣe ohun tí kò wù ú, tí wọ́n ní fún ire rẹ̀ ni, kí ni ìwọ tó o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa wí?"

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti gbá ni mò ń wò. Bàbá dìde, wọ́n ní kí àwọn ará ilé mi má tíì wá. Ọmọ wọn tẹ̀ lé wọn lọ, kò lè wo ojú mi. Mo jókòó sórí àga tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, inú sì bí mi, inú bí mi sí gbogbo ẹni tó ti fẹ́ràn iṣẹ́ mi rí.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Mo gbé àga kan lọ sí Lẹ́kkí Phase 1, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àga tí mo ti ṣe. Igi àpá ni mo fi ṣe é, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ̀yìn èèyàn, mi ò sì lu ìṣó kankan sí i lára. Ẹ̀wù iṣẹ́ mi ló wà lọ́rùn mi. Arábìnrin náà mú mi lọ sí yàrá kékeré kan. Ṣòkòtò péńpé tó ti gbó wà níbẹ̀, àdín àgbọn wà níbẹ̀, àáké sì wà níbẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ tètè múra. Àwọn guest ti ń dé."

"Rárá," mo ní.

Ó wò mí bí ẹni tí àga bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ wa tọkàntọkàn, àwa tí à ń ṣe é gan-an ni kò tíì rí. Ó ní gbogbo ètò ló máa bàjẹ́. Mo ní mo lè sọ̀rọ̀ nípa àga mi fún àwọn àlejò náà pẹ̀lú ẹ̀wù lọ́rùn, ó ní kò ní yọ nínú fídíò. A kò yanjú ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi rí ọkùnrin kan tó ń ṣe eré ìtàgé, tí àyà rẹ̀ tilẹ̀ dára ju tèmi lọ. Wọ́n kùn ún ní àdín, wọ́n gbé àga mi síwájú rẹ̀, wọ́n fún un ní àáké.

Mo rò pé á kàn ṣe bí ẹni tó ń gé e ni. Ó gé e. Ó ṣá àáké sí ẹsẹ̀ àga náà, ẹ̀rún igi fò, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Nígbà tó tún gbé àáké sókè, mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gba àáké náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọjú sí àwọn àlejò náà.

"Ẹ má bínú," mo ní. "Èmi ni mo ṣe àga yìí. Ẹ̀rọ ni mo fi ṣe é, mo sì wọ ẹ̀wù nígbà tí mò ń ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má fi àáké kàn án mọ́."

Àwọn kan tún pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ó wà nínú eré. Mo gbé àga mi láàárín wọn, mo gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ tí mo fi gbé e wá. Awakọ̀ béèrè bóyá Igbó Ẹfọ̀n ni à ń padà sí. Mo ní Ẹ̀pẹ́ ni.

Bàbá wà lójúde ilé wọn nígbà tí mo dé. Wọn ò béèrè ohun tí mo wá ṣe. Àga ni wọ́n kọ́kọ́ wò.

"Kí ló ṣe é lẹ́sẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, títí dé orí pàtẹ́wọ́ ìkẹyìn. Bàbá gbọ́ ọ láì dá mi lẹ́nu.

"Nígbà tó o gba àáké lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé ẹ̀rù bà ọ́?"

"Ẹ̀rù bà mí gan-an, sà. Ó ṣì ń bà mí."

Wọ́n mi orí. Wọ́n rọra jókòó sórí àga náà, wọ́n fẹ̀yìn tì.

"Èmi náà," wọ́n ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti rí nǹkan yẹn lójú ọ̀nà, mi ò rí oorun sùn. Ọmọbìnrin yẹn nìkan ni ọmọ tí mo ní."

Wọ́n ń wo ojú títì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n sọ fún àwọn ará ilé mi kí wọ́n máa bọ̀.