Ẹ̀kọ́ Orí Búúsù

Bí mo bá ti rí búúsù, awọ àgbò tí àwọn àáfà fi ń kírun, Àáfà àdúgbò wa ní Ìlọrin ni mo máa ń rántí. Àwọn ló ń bójú tó owó tí mọ́sáláásí fi ń rán àwa ọmọ àdúgbò lọ sí yunifásítì. Bí máàkì èèyàn bá já wálẹ̀, owó náà dúró nìyẹn.

Nígbà tí mo fìdí rẹmi nínú kẹ́mísìrì, tìbẹ̀rù-tìbẹ̀rù ni mo mú èsì ìdánwò lọ bá wọn. Wọn ò wò ó. Wọ́n sún fún mi lórí búúsù.

"Jókòó. Kọ́ mi ní ohun tí kò yé ọ."

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni mo rí ibi tí mo ti ṣì í.

"Ó ti ń yé ọ. Lọ tún un ṣe. Owó rẹ ò ní dúró."

Ní sáà tó tẹ̀ lé e, mo yege dáadáa, mo sì rẹ́rìn-ín wọlé. Wọ́n tún sún lórí búúsù.

"Jókòó. Kí lo tún fẹ́ kọ́ mi?"