Àwọn Afárá tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kàn

Títí di òní, bí mo bá gba Agbonou ní ìlú Atakpamé kọjá tí mo gbóòórùn gọ́ọ̀mù pákó, àyà mi máa ń já. Bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe máa ń rùn, gọ́ọ̀mù àti igi tíkì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Káfíńtà ni, ó sì mọṣẹ́. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà ni ojú irin àtijọ́ gbà kọjá, níbi tí rélùwéè ò ti rìn mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ló ń jẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọmọ yẹn ò fojú rí rélùwéè gidi rí láyé ẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tó fẹ́ràn tó o. Bàbá ẹ̀ bá a rí rélùwéè ìṣeré kan nínú ẹrù òkèèrè tí wọ́n ń tú tà lọ́jà Atakpamé, tòun ti irin tó ń gbà lórí, àmọ́ kò ní afárá. Ọmọ ní, "Bàbá, rélùwéè tí ò lè sọdá odò, ibo ló fẹ́ lọ?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi fi pòròpórò àgbàdo ṣe afárá, rélùwéè gun orí ẹ̀, gbì, ó wó. Ó fi agolo sàdíìnì ṣe òmíràn. Ìyẹn gbé e, àmọ́ ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kí ìyá ọmọ gbádùn.

Ibà ló mú ọmọ náà lọ. Mi ò fẹ́ sọ púpọ̀ níbẹ̀. Ọlọ́run má fi irú ẹ̀ hàn wá mọ́.

Ìwọ náà mọ bó ṣe rí láàárín wa. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wa ti wá ṣòwò ní Togo, àwọn àṣà kan sì wà tó dì mọ́ ẹrù wá. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, a kì í sì í fi sàréè ọmọ hàn án láéláé. Wọ́n ní bí òbí bá fi lè mọ ibẹ̀, ọmọ tó bá tún bí á tẹ̀lé èyí tó kú lọ. Wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó ẹ̀ jókòó sínú yàrá, èmi àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ la gbé ọmọ lọ sí òdìkejì odò, níbi tí wọ́n ń sin ọmọdé sí. Àgbà ilé wa fà mí sẹ́yìn, ó ní, "Ẹnu rẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ o." Mo ní, "Mo gbọ́, bàbá."

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́ pè mí. Mo gun zémìjàn, ọ̀kadà tiwa níbí, lọ. Ó ti to irin rélùwéè náà sórí tábìlì, afárá tuntun sì wà láàárín ẹ̀, igi gbọọrọ tó dábùú, irú èyí táwọn àgbẹ̀ fi ń sọdá odò. Ó ní, "Wò ó." Mo wò ó, mo yìn ín. Mo rò pé ó ń fiṣẹ́ pa ìrònú rẹ́ ni. Ó tún pè mí. Èyí ní òpó, ó ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, bí afárá ojú títì tó lọ sí Glei gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣe òmíràn tó tẹ̀ bí ọrun. Bí afárá ṣe ń dára sí i ni ojú ẹ̀ ń jìn wọnú. Ìyàwó ẹ̀ dì mí mú lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ìró nǹkan yẹn ń pa mí lọ. Bí wọn ò bá jáwọ́, ilé wa ni mò ń lọ."

Tìbínú-tìbínú ni mo fi wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ó tó! Ọmọ ti lọ. Ta lẹ ń kan afárá fún?"

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí aṣọ lórí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Irin ni, àwọn tó ń jó irin ló bá a ṣe é, ọ̀pá tó dábùú ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, àlàfo sì wà láàárín àwọn pákó ilẹ̀ ẹ̀. Ó ti rélùwéè náà jẹ́jẹ́, ó ń lọ, ó dé àárín. Mo dá a mọ̀. Afárá rélùwéè àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ìlú ni, èyí tí a gbé ọmọ gbà. Mo gbójú sókè, mo sì rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ò wo rélùwéè rárá. Ojú mi ló ń wò. Yéè! Ojú mi ló ti ń wò láti ìgbà tó ti kan ti onígi.

Mo fẹ́ yíjú, ẹ̀pa ò bóró mọ́, omi ti lé sí mi lójú. Ó ní, "Ó ti tó, àbúrò." Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó da aṣọ bo afárá náà, ó sì jókòó.

Kò kan òmíràn mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyàwó ẹ̀ ò lọ mọ́, wọ́n sì tún bímọ, obìnrin. Gbogbo ilé ń jó, èmi ò lè jó. Àwọn àgbà dí mi lẹ́nu, ta ló rò ó pé ojú náà ń sọ̀rọ̀? Mo máa ń sọ fún ara mi pé ìtàn arúgbó lásán ni, pé ibà ò mọ ẹni tó mọ sàréè. Ọmọ náà ti ń sáré kiri báyìí. Àmọ́ nígbàkígbà tí ara ẹ̀ bá gbóná, èmi ni ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ máa ń pè. Mo máa ń lọ. A ó jókòó ti ọmọ, èmi lọ́tùn-ún, òun lósì, a ò sì ní í lè wo ojú ara wa títí ibà á fi lọ sílẹ̀.