Ìrọ̀rí tí àna mi gbé wá

Mò ń ká aṣọ ọmọ tuntun sínú báàgì ní ilé ìwòsàn kan ní Òkè-Ogbó, níbi tí ọmọbìnrin mi ti ń rọbí, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ìrọ̀rí kan dé láti Ìpetumodù. Nọ́ọ̀sì ti ní kí ọmọ mi fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí a wá ìrọ̀rí sí àárín orúnkún rẹ̀, kí ìrora ẹ̀yìn lè dínkù.

Mo dúpẹ́, mo gbà á, ṣùgbọ́n mi ò gbé e wọlé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni obìnrin yìí kò ti fẹ́ ọmọ mi fún ọmọ rẹ̀. Okùn funfun ni wọ́n fi rán ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ìrọ̀rí náà. Okùn dúdú ni wọ́n fi rán ẹ̀kẹrin. Kí ni wọ́n kì síbẹ̀?

Mo yà sẹ́yìn ilé, mo fi bíléèdì tú u. Òwú lásán ni, ó sì fò mọ́ mi láṣọ.

Ọmọ mi ké láti inú yàrá: “Mọ̀ọ́mi, ẹ̀yìn mi o!”

Mo tú gèlè mi, mo fi di ìrọ̀rí náà, mo sáré gbé e wọlé.

Lẹ́yìn tí a gbọ́ ẹkún ọmọ, àna mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú kúrò ní èjìká mi.

“Ẹ má tijú, àna mi,” ó ní. “Ìyá mi ló kọ́kọ́ tú u, lọ́jọ́ tí mò ń rọbí tí ìyá ọkọ mi gbé e wá. Okùn dúdú ni mo rí fi rán an padà.”