Bẹ́ẹ̀dì Tí Mo Fi Pamọ́ De Ọkọ Ọmọ Mi

Káfíńtà ni mí ní Bódìjà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà pákó. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mo sì kan bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ọkùnrin bá gbalé, a ó gbé tirẹ̀ fún un. Bí obìnrin bá ń lọ ilé ọkọ, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ni yóò ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Mo ṣì rántí orúkọ àwọn awakọ̀ tó bá wa kó wọn, títí kan ẹni tó fi igun ọ̀kan gbá ògiri. Ti àbíkẹ́yìn mi nìkan ni kò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó ríṣẹ́ sí Challenge, ní òdìkejì Ìbàdàn, ó wá kúnlẹ̀ sínú èérún pákó níwájú mi, ó ní òun fẹ́ move out. Ìwé mẹ́fà ni mo kà. Mo bi tíṣà kan tó ń dúró gba àga rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kúrò nílé tó ń gbé, tó lọ ń gbé níbòmíràn, òun ni wọ́n ń sọ pé ó move out. Ayálégbé ń ṣe é, ọmọ tó ti dàgbà ń ṣe é, kò sí ìjà nínú rẹ̀. Mo ní nílé tèmi, a kì í ṣe é fún ọmọbìnrin, ọkọ là ń fà á lé lọ́wọ́.

Ọmọ mi kò jiyàn. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé kí n gbé bẹ́ẹ̀dì mi?"

"Ti ilé ọkọ nìyẹn. Lọ mú ọkọ wá."

"Ẹ ṣáà má tà á."

Mo ní ta ni yóò ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ alágídí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbọn èérún pákó kúrò lórúnkún, ó lọ.

Ọdún méjì ni mo fi ń sọ pé n ó yọjú sí i. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin ló pa á.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la lọ kó ẹrù. Yàrá kan ni. Ó ti fún gbogbo nǹkan mọ́ apá kan: tábìlì, ìkòkò, àpótí aṣọ, àti fóòmù tó ń sùn lé nílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ṣófo gbalasa. Mo bi ìyá onílé pé kí ló dé. Wọ́n ní àwọn náà bi í lọ́jọ́ tó kó dé, ó ní bẹ́ẹ̀dì òun ń bọ̀ láti Bódìjà, bàbá òun ṣì ń bínú díẹ̀ ni.

Mo yọ téèpù lápò, mo wọn ibẹ̀. Ibẹ̀ gba bẹ́ẹ̀dì náà, ó tún ku àyè tí èèyàn lè dúró sí tẹ́ ẹ.