Òrùlé Aláwọ̀ Kan

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo sì ti fẹ̀yìn tì. Ní Òkè-Ìlá, àdúgbò tí mo kọ́lé sí ní Adó, àwọn tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní A, B, D ti hu ewú, síbẹ̀ wọn a máa dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n tó kí mi. Mo sọ èyí kí ẹni tó bá ń ka ìwé yìí lè mọ irú ẹni tí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá nílé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó sì ṣí páànù orí iyàrá méjì kúrò bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò.

Iyàrá méjì péré ni. Káfíńtà tó wá wò ó ní bí òun bá rí páànù bíi méjìlá àti igi díẹ̀, òun yóò dí i kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ṣùgbọ́n páànù àtijọ́ ti dípẹtà, ó ti pọ́n bí iyẹ̀pẹ̀ ọ̀nà oko, tuntun yóò sì máa dán. Mo fojú inú wo ilé mi láti ìkòríta: apá kan pupa, apá kan funfun, bí ṣòkòtò tí wọ́n lẹ̀ nídìí. Mo ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kì í gbé abẹ́ òrùlé aláwọ̀ méjì. Mo ní kí wọ́n ṣí gbogbo rẹ̀.

Ìyàwó mi béèrè ibi tí owó yóò ti wá. Owó àjẹmọ́nú ẹni tó fẹ̀yìn tì kò tíì kàn mí. Mo wà lórí ìlà, ìlà náà sì gùn. Èyí tí mo ń gbà lóṣooṣù kò ju ohun tí a fi ń jẹun, tí a sì fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo dá a lóhùn pé ilé kì í ṣe ti obìnrin nìkan. Ìdáhùn òmùgọ̀ ni.

Ẹni tó gbà mí ni ọkùnrin kan tó ń ta páànù àti pákó ní Fájuyì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Adó débi pé òun náà ń pe ilé ní ulé bíi tiwa. A sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òórùn Ọ̀yọ́ kò tíì tán lára ulé tirẹ̀. Èmi ni mo kọ́ àkọ́bí rẹ̀ obìnrin dé ìwé mẹ́fà. Bó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, ó di ọjà sínú ọkọ̀, ó sì kó o wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo san ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Ó ku ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà. Mo ní kí a fi í sínú ìwé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi ní ìwé kíkọ. Ìwé wo lèmi ó tún wá kọ lé yín lórí?"

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà. Mo tún un sọ fún àwọn ẹgbẹ́ mi lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, mo fi ń yangàn. Mo sì ṣèlérí oṣù mẹ́fà.

Lódìkejì títì sí ìsọ̀ rẹ̀, obìnrin kan wà tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, iṣẹ́ tó sì pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé ètò ìsìnkú. Ní ìlú wa, a kì í sin arúgbó láìsí ìwé tí a kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí. Àwọn ọmọ olóògbé a máa kó ọjọ́ orí, orúkọ ìjọ àti iye ọmọ-ọmọ wá lórí bébà pélébé. Ẹni tí yóò sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè kà láìsùn lọ ni kì í sí. Mo di ẹni náà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ni lórí òkú kan. Bí oríkì bá wọ̀ ọ́, ó di méje. Ní ìrọ̀lẹ́, mo tún ń kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba méjì ní Yorùbá, nítorí àwọn òbí wọn kò rántí fi èdè bá wọn sọ̀rọ̀ títí ìdánwò fi dé.

Ojú ń tì mí. Mo ní kí obìnrin náà gbé àga mi sẹ́yìn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, mo sì máa ń kẹ̀yìn sí títì; ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo ń gbà wọlé, òun náà ni mo ń gbà jáde. Bí ẹni tó mọ̀ mí bá wọlé, mo máa ń dìde, mo sì máa ń ní ìwé ni mo wá tẹ̀. Obìnrin náà ní ọjọ́ tí mo bá dẹ́kun àti máa sápamọ́, òun yóò fi kún owó mi. Mo rò pé eré ló ń ṣe.

Inú agolo bisikíìtì kan lórí kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo owó náà ń wọ̀. Ìyàwó mi, tó ń ta ẹyin lẹ́nu ọ̀nà wa, tó sì mọ bí owó kékeré ti ń rìn, ní kí n máa mú un lọ fún olówó bó bá ti ń wọlé. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo ní èmi kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀. Mo ní ẹni tó gba odindi, odindi ló yẹ kó dá padà. Bí mo ti rí ọjọ́ náà lọ́kàn mi ni pé n ó wọ aṣọ funfun, n ó di owó náà sínú àpò ìwé kan ṣoṣo, n ó nà án sí i níwájú àwọn tí a jọ mọra. Oṣù mẹ́fà pé. Agolo kò kún.

Ó wá kí mi ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Ó gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó. Ó gbójú sókè wo àjà, ó ní, "Ṣé kò jò, Bàbá?" Mo ní kò jò. Mo mú un yí ilé ká, mo fi ọjà ara rẹ̀ hàn án bí ẹni pé èmi ni mo rọ ọ́. A rẹ́rìn-ín, ó mu omi tútù, ó lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì, òjò ti ń dáwọ́ dúró. Ó ní òun ń kọjá lọ ni. Ó sọ pé ọjà ti gbówó lórí, pé iye tí òun fi ń ra páànù àádọ́ta tẹ́lẹ̀ kò ra ogún mọ́. Mo ní kó jókòó, mo sì gbà á nímọ̀ràn fún odindi wákàtí kan. Mo pa òwe fún un. Mo sọ ìtàn bí mo ṣe fi ẹsẹ̀ rìn láti oko lọ sílé ìwé. Ó ń mi orí, ó ń ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Bó ti jáde, ìyàwó mi fi kíréètì ẹyin sílẹ̀, ó wọlé wá bá mi.

"Owó rẹ̀ ló wá gbà," ló wí.

Mo ní bó bá jẹ́ owó ló wá gbà, kí ló dé tí kò sọ?

"Nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́ ni. Ẹ ka ọ̀kẹ́ mẹ́rin tó wà nínú agolo yẹn, kí n sáré fi lé e lọ́wọ́ kó tó dé ìkòríta."

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí n máa ka mẹ́rin nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọmọdé lọ́wọ́, bí ẹni tó ra ata àwìn. Mo gbọ́ bó ṣe ń to ẹyin rẹ̀ padà, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Ọyẹ́ ti mú, àárọ̀ ni, n kò tíì jẹun. Kò jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún eruku. Ó jọ pé ó rìn wá ni. Ó ní òun kò pẹ́, àdúrà ni òun wá gbà. Inú mi dùn. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí níbi tó kúnlẹ̀ sí, mo sì gbàdúrà tó gùn, mo bẹ Ọlọ́run kó ṣílẹ̀kùn fún un, kó rán olùrànlọ́wọ́ sí i. Ó ń ṣe àmín. Ọ̀kẹ́ mẹ́sàn-án wà nínú agolo, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí ibi tí a wà.

A máa ń sọ pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Mo ti fi òwe yìí kọ́ ọmọ tí n kò lè ka iye wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ààbọ̀ fún mi, inú mi kò sì sọ ọ́ di nǹkan kan. Láyé àwọn baba wa, bí gbèsè bá pẹ́, olówó a rán ológò lọ sílé onígbèsè. Ológò a jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, a máa bú u, a máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ, títí owó yóò fi jáde. Mo máa ń sọ ọ́ ní kíláàsì pé ọ̀làjú ló gbà wá lọ́wọ́ irú ìtìjú bẹ́ẹ̀. N kò ronú rí pé ológò a máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé àwọn tí etí wọn wúwo.

Kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ òkú ńlá kan fún mi, ìwé olójú ewé púpọ̀, owó náà sì jọ iṣẹ́. Agolo kún. Mo wọ aṣọ funfun náà, mo dé fìlà, mo gun ọ̀kadà lọ sí Fájuyì ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Fóònù ni wọ́n ń tà nínú ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun ògiri, n kò tilẹ̀ rí ojú ibi tí pákó máa ń fara tì. Mo ti jókòó lódìkejì títì náà láti ọdún tó kọjá, mo sì kẹ̀yìn sí i.

Fọkanáísà tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ibẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní owó ìsọ̀ ló kù tí kò rí san. Onílé fún un ní gbèdéke, ó ń sáré káàkiri, kò bọ́ sí i. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ síta nínú ọyẹ́. Ó ní sọ́míìlì kan lójú ọ̀nà Ìyìn ló wà báyìí, tó ń bá wọn ru gẹdú. Ó wo aṣọ mi, ó béèrè bóyá èmi ni bàbá rẹ̀. Mo ní rárá.

Mo bá a níbẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi ti bo ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì ti rù. Bó ti rí mi, ó sọ pákó èjìká rẹ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú lẹ́búlẹ́bú náà lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mo na àpò ìwé sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò ṣí i wò. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sẹ́nu láti ilé kò jáde. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló jáde, ìbéèrè náà kò sì yẹ mí.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Ó wolẹ̀. "Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá."

Mo béèrè iye tó kù nínú owó ìsọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tó wá gbàdúrà. Kò fẹ́ sọ. Nígbà tí mo ṣáà dúró, ó ní ọ̀kẹ́ márùn-ún ni. Lẹ́yìn náà, ó sáré fi kún un pé àdúrà yẹn ń ṣiṣẹ́ o, pé òun kò ṣàìsàn láti ìgbà náà. Ó béèrè àlàáfíà ìyá, ìyẹn ìyàwó mi. Ó béèrè bóyá òrùlé kò jò.

Mo yí padà láti máa lọ, ó sì tẹ̀ lé mi dé ojú títì. Ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, kì í ṣe inú àpò ìwé tí mo fún un, ó mú ẹgbẹ̀rún kan náírà tó ti rún jáde, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. "Oòrùn ti mú, Bàbá. Ẹ fi wọ ọ̀kadà."

Ọmọ tó bá fún àgbà lówó ọkọ̀, àgbà kì í kọ̀ ọ́. Bó bá kọ̀ ọ́, ó ti sọ fún ọmọ náà pé kò tó ẹni tí ń fúnni. Mo mọ èyí. Ẹni tí mo fi ọgbọ́n mi lé kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀ ń bọlá fún mi, n kò sì ní ibi tí n ó gbà. Mo gbà á. Mo súre fún un, mo sì jẹ́ kí ìre náà kúrú.

Nílé, ìyàwó mi béèrè bóyá ó gba owó náà. Mo ní ó gbà á. Ó béèrè ohun tó wí. Mo ní ó ní kí n kí i. Ó wojú mi pẹ́, ó sì padà sídìí ẹyin rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó lè sọ ìyókù fún un.

Mo ṣì ń kọ ìtàn àwọn òkú ní Fájuyì. Mo ti yí àga mi padà, mo kọjú sí títì, obìnrin náà sì fi ẹgbẹ̀rún kan kún owó mi gẹ́gẹ́ bó ti wí. N kò mọ ohun tí mo ń wò. Àwọn tí mo kọ́ níwèé a máa rí mi, wọn a máa wọlé wá kí mi, kò sì sí ẹni tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Òjò àkọ́rọ̀ ti ọdún yìí ti rọ̀. Láti ìkòríta, ilé wa ń dán, àwọ̀ kan ṣoṣo. Kò jò.