Iná Ló Ń Fẹ́

Nígbà tí ọkọ̀ ṣì máa ń sọ àìsàn ara rẹ̀ síta, kò sí mẹkáníìkì tó gbọ́ èdè rẹ̀ bíi Bàbá Eléèéfín. Kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó mọ ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì. Yóò ní kí dírẹ́bà tẹ iná, òun á lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ọwọ́ ní ìbàdí, imú lókè, bí ẹni tí wọ́n pè wá tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí èéfín bá dúdú, á ní, "Kò rí atẹ́gùn mí." Bó bá funfun, "Omi ti wọ inú ẹ̀." Bó bá ní àwọ̀ aró, "Ọ̀mùtí leléyìí, ọ́ìlì ló ń mu." Lẹ́yìn náà ni yóò ki ìka bọ ẹnu ọ̀pá èéfín, á yọ ọ́, á wò ó, ọ̀rọ̀ bùṣe. Àwọn dírẹ́bà a máa tò dé ẹnu títì. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé òórùn ọkọ òun ló ń kọ́kọ́ wọlé lálẹ́, kí òun alára tó dé. Ayé dùn nígbà náà o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín jẹ.

Ìsinsìnyí ńkọ́? Ọkọ̀ dísẹ́lì ìgbàlódé kì í rú èéfín. Wọ́n ti fi asẹ́ kan sí ọ̀nà tí èéfín ń gbà jáde, asẹ́ náà ń gba gbogbo ẹ̀gbin mọ́ra, ohun tó ń bọ́ síta kò ju ooru lọ. Àwọn oníbàárà àtijọ́ ti kó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà tó ń fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò lódìkejì títì. Bàbá Eléèéfín wà lórí àpótí, ó ń nu sípánà tí kò dọ̀tí. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ni píkọ́ọ̀pù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ń gbé búrẹ́dì. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ìyá Mi ló ń pè é, nítorí pé ó fojú jọ ìyá Bàbá Eléèéfín tó ti kú. Ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọjọ́ tí píkọ́ọ̀pù yẹn bá gba ọ̀dọ̀ oníkọ̀ǹpútà lọ, òun àti ọmọ òun ti di ẹni tó ń kíra lórí fóònù nìyẹn.

Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Mi gbé ọkọ̀ dé. Ọkọ̀ náà ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni tó ru àpò sìmẹ́ńtì.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Iná kan ló tàn níwájú mi, kò kú mọ́. Ọkọ̀ ò sì lágbára." Ó wolẹ̀ díẹ̀. "Mo ti yà lọ́dọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà. Wọ́n ní iná ló ń fẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà gún Bàbá Eléèéfín láyà. Wọ́n ti fọwọ́ kàn án! Ṣùgbọ́n àgbà ni, ó gbé e mì.

"Iná ló ń fẹ́? Ṣé torí ìyẹn náà ni? Ta ni ò mọ̀ pé bátìrì ni?"

Ló bá yọ bátìrì. Ó fi omi gbígbóná fọ orí rẹ̀, ó fi sáńpépà ha á, ó gbé e sórí ṣájà, ó sì tọpa wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Mi ní, "Bàbá, ohun tí wọ́n ní..." Ó ní, "Jókòó jàre. Ta ló kọ́ ọ lọ́kọ̀ wíwà?" Ìyá Mi jókòó, ó ń wò ó. Nígbà tí bátìrì padà sáyè rẹ̀, iná yẹn ṣì tàn, ó ń wò wọ́n bí ẹlẹ́jọ́ tí kò jẹ̀bi.

Bàbá Eléèéfín wá ki ìka bọ ọ̀pá èéfín. Ìka jáde, ó mọ́ tónítóní. "Ṣé o rí i? Ara ọkọ̀ yìí le koko!"

Wẹ́dà tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwọn bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gé asẹ́ yẹn dànù. Kó rú èéfín bí ọkọ̀ gidi, kẹ́ ẹ lè rí nǹkan wò."

Ó wu Bàbá Eléèéfín. Ká má parọ́, ó wù ú dé inú eegun. Kì í ṣe torí ọkọ̀ rárá; èéfín gan-an ni àárò rẹ̀ ń sọ ọ́.

"Rárá o," Ìyá Mi dìde. "Ilé-ìwé ni mò ń gbé búrẹ́dì lọ. Ohun tí asẹ́ yẹn ń gbà mọ́ra, àyà àwọn ọmọ ni ì bá wọ̀. Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń wúkọ́?" Ó mú un lọ́wọ́. "Bàbá, iná bátìrì kọ́ ni wọ́n wí. Iná tẹ́ ẹ máa ń ní kí dírẹ́bà tẹ̀ ni. Ẹ̀gbin ti kún asẹ́ nítorí pé mò ń rọra wa ọkọ̀, ibi tí mò ń lọ ò sì jìnnà, kò gbóná tó kí ẹ̀gbin inú ẹ̀ jó. Wọ́n ní kí n gbé e bọ́ sí márosẹ̀, kí n tẹ iná láìdúró. Bí ẹ̀gbin bá ti jó tán, èyí tó tàn yìí á kú fúnra ẹ̀."

"Ẹ tẹ iná, kí iná jó, kí iná lè kú?" Wẹ́dà káwọ́ lérí. "Háà, èdè wa yìí á pa èèyàn!"

Bàbá Eléèéfín ò rẹ́rìn-ín. Òun náà ló kìlọ̀ fún Ìyá Mi lọ́jọ́ tó ra ọkọ̀ pé kó máa rọra, pé ẹ́ńjìnnì tuntun ò fẹ́ wàhálà. Ó nu ọwọ́, ó wọkọ̀ tì í.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sí márosẹ̀, "Rọ..." ti fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, ó fi eyín dè é. "Tẹ̀ ẹ́, Ìyá Mi! Tẹ̀ ẹ́ dáadáa!" Ẹ́ńjìnnì pariwo, igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń sá padà sẹ́yìn. Ọ̀nà yìí náà ló ti gbé ìyá ọmọ yìí gbà nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra, nínú ọkọ̀ akẹ́rù oníbàárà kan tí Bàbá ní òun ń dán wò. Arẹwà náà ò mọ̀ pé ara ọkọ̀ ti yá tipẹ́. Èéfín ń wọ́ lẹ́yìn wọn, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ fà sí ọjọ́ yẹn.

Iná kú. Ìyá Mi lu sítíárì, ó hó yèè.

"Àwọn ènìyàn yẹn mọṣẹ́," Bàbá Eléèéfín sọ. Ó dùn ún láti sọ ọ́. "Máa gbé e lọ bá wọn. Wọ́n ti sọ ohun tó o máa ṣe fún ọ, o sì lè dá ọ̀nà yìí wà. Kí lo tún wá gbé e wá bá mi fún?"

Ìyá Mi rọra gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná.

"Láti kékeré mi, Bàbá, ẹni tó bá fẹ́ rí yín, àfi kó gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ wá. Èmi ò lọ́kọ̀ nígbà yẹn. Ẹsẹ̀ yín tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ ẹlòmíì ni mo máa ń wò. Àárò yín ló sọ mí."

Wọ́n ti dé ibi tó yẹ kí wọ́n ti yí padà, ọkọ̀ sì ti ń dẹwọ́. Bàbá Eléèéfín gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ léjìká.

"Má tíì yí i," ó ní. "Máa lọ ná."