Ohun Tí Kíbọ́ọ̀dù Bàbá Ń Sọ

Ọmọ ilé-ìwé girama ni mí ní Ìbàdàn nígbà tí bàbá kan ládùúgbò wa fi kíbọ́ọ̀dù oníná ṣe orin láìní onílù kankan. Bàbá náà nìkan, ẹ̀rọ kan, àti wáyà jágbajàgba. Àwọn èèyàn ní orin wáyà ni, pé kò níí tọ́jọ́. Èmi ò gbà. Nígbà tí mo fi dẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Beltsville lókè òkun níbí, kásẹ́ẹ̀tì bàbá náà ṣì wà nínú ọkọ̀ mi.

Orin kan wà nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lanu kọ. Ohùn méje ni ẹ̀rọ náà ń tún dún títí tó fi parí. Ta ni Yorùbá tó máa gbọ́ ohùn tí kò níí gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Ohun tí èmi ń gbọ́ ni “Àwa náà lè ṣe é.” Mo fi kọ́ ọmọbìnrin mi tí a bí síbí, àmọ́ bó bá pè é, gbogbo rẹ̀ á rí pẹlẹbẹ bíi ti òyìnbó.

Olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Hillcrest Heights sọ pé irọ́ ni mò ń pa. Ó ní “Ẹ̀kọ náà ò le mọ́” ni ẹ̀rọ ń sọ. Ẹ pè é wò, ohùn kan náà ni. Inú bí mi gan-an. Ọdún mẹ́ta gbáko la fi ṣe àríyànjiyàn yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú kan ní 1996, bàbá náà fúnra wọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ wọn ní Mitchellville ni wọ́n wá kí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níbi tí a ń gbé ọkọ̀ sí, tèmi ti súùtù mi, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí n gbé wọn délé. Olórí akọrin ti jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi kí n tó ṣíná ọkọ̀.

Mo ti kásẹ́ẹ̀tì náà bọ inú rédíò ọkọ̀, ohùn méje náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Bó bá jẹ́ ẹ̀kọ ni, kí ni mo fẹ́ sọ fún ọmọ mi?

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀rọ yìí ń sọ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Kò sọ nǹkan kan. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́.”

Olórí akọrin bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí. Ẹ̀rọ náà tún dún, ni ọmọ mi bá bá a pè é láti ẹ̀yìn: “Àwa náà lè ṣe é.” Ó lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀, ó gòkè níbi tó yẹ kó gòkè. Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Orí mi wú.

Bàbá yíjú padà, wọ́n bi í pé ta ló kọ́ ọ.

“Your keyboard, Grandpa,” ló fi dá wọn lóhùn.

A dé Mitchellville. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ̀kalẹ̀, wọ́n gbá mi léjìká.

“Ohun tó sọ nìyẹn,” ni wọ́n wí. “Sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Olórí akọrin ò dárúkọ ẹ̀kọ sí mi létí mọ́.